Oníbàárà fi ẹ̀sùn sábẹ́ àwòrán ọjà lórí Facebook: kí la ó kọ, ìgbà wo la ó kọ ọ́, ta ni yóò kọ ọ́?

Olófì_Ìlọrin (Ajé, 8:12 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Aṣọ-òfì là ń tà, láti Ìlọrin níbí lọ sí Èkó àti Àbújá. Facebook, Instagram àti WhatsApp la fi ń gba iṣẹ́, ọmọ ṣọ́ọ̀bù méjì ló sì ń di fóònù mú. Mo fẹ́ kọ ìlànà sílẹ̀ fún wọn lórí ẹ̀sùn, torí ọ̀kan ń tọrọ àforíjì bí ẹní ń ṣàdúrà, ìkejì ń dákẹ́ lọ gbári. Ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣe àpẹẹrẹ. Bó ṣe wà lábẹ́ àwòrán nìyí, orúkọ nìkan ni mo yọ:

«Wáìnì ni mo sanwó fún, èyí tó dé sún mọ́ àlùkò. Sátidé ni ìgbéyàwó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí yín ní inbox, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ṣọ́ra fún àwọn wọ̀nyí.»

Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ ká fi dáhùn? Ní gbangba ni àbí ní kọ̀rọ̀? Ìgbà wo la lè pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́? Ìgbà wo là ń dá owó padà?

Adáhùn_Tanke (8:40)

Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n Olófì. Ìbéèrè mẹ́rin lẹ bi, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ló ń ba mẹ́ta yòókù jẹ́ tàbí tó ń tún wọn ṣe.

Lásìkò tí ṣọ́ọ̀bù bá ṣí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó ju wákàtí 1 lọ kí ọ̀rọ̀ yín tó hàn lábẹ́ ẹ̀sùn náà. Mi ò ní kẹ́ ẹ ti yanjú ẹ̀ láàárín wákàtí 1 o. Ẹni tó ń bínú àti àwọn tó ń kà á lọ láìsọ nǹkan kan ló yẹ kó mọ̀ pé ẹnìkan ti rí i. Nínú ìdáhùn yẹn, ẹ tún ohun tí oníbàárà sọ sọ lẹ́nu tiyín, kó mọ̀ pé ẹ kà á dópin. Ẹ gba ibi tó dájú pé ẹ ti ṣẹ̀. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wá dá aago tẹ́ ẹ máa padà wá. Báyìí:

«Ẹ káàárọ̀. A ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ: wáìnì lẹ sanwó fún, àwọ̀ míì ló dé bá yín, ìgbéyàwó sì ku ọjọ́ 5. Ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ́ ẹ kọ̀wé tí a ò dáhùn, àwa la jẹ̀bi ìyẹn. A ń wo àwòrán tí a yà kí aṣọ yín tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Kó tó di aago 12 ọ̀sán òní, a ó pè yín sórí nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ra ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e fún télọ̀ gé. Ṣ. ló ń kọ ọ́.»

Ẹ kíyè sí i pé kò tíì gbà pé àwọ̀ kò dáa. Ìyẹn ń dúró de ìwádìí. Ṣùgbọ́n àìdáhùn ẹ̀ẹ̀mẹta kò nílò ìwádìí, ó ṣáà wà nínú inbox. Ohun tó dájú, ẹ gbà á lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò dájú, ẹ dá aago fún un.

Gbólóhùn «ẹ má tíì gé e» ló tún ṣe pàtàkì jù fún aláṣọ. Bí télọ̀ bá ti fi sísọ́ọ̀sì kàn án, ẹ ò lè gbà á padà tà mọ́, òun náà ò sì lè lo èyí tẹ́ ẹ bá fi rọ́pò láìtún sanwó ìránṣọ. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá fi falẹ̀ lè sọ ìpààrọ̀ di gbèsè.

Olófì_Ìlọrin (8:51)

Àǹtí, ẹ ṣeun. Ohun tí àwọn ọmọ wa máa ń kọ ni «Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá inbox». Kí ló burú nínú ẹ̀?

Adáhùn_Tanke (9:03)

Inbox ló ti ń bọ̀, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kan ilẹ̀kùn yẹn tẹ́ ẹ ò ṣí i, ló fi jáde sí ìta gbangba. Ẹ wá tún ní kó padà sẹ́nu ilẹ̀kùn kan náà. Àwọn tó ń wò ó á sì rò pé ẹ fẹ́ fi nǹkan pamọ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ dáhùn ní gbangba, kẹ́ ẹ tó lọ sí kọ̀rọ̀ torí nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé tàbí pè é, ẹ má ní kó wá yín wá.

Àwọn ọ̀rọ̀ míì tó yẹ kẹ́ ẹ gbà lẹ́nu àwọn ọmọ:

«Ẹ má bínú bí a bá ṣẹ̀ yín.» Wáìnì ló sanwó fún, kí wá ni «bí»?

«Ẹ ní sùúrù.» Ẹni tí ara ń ta, tẹ́ ẹ bá ní kó ní sùúrù, ẹ ti sọ ọ́ di alásọ̀. Ẹ sọ aago, òun fúnra ẹ̀ á ní sùúrù dé aago yẹn.

«Àwọn míì rà á, wọn ò sọ nǹkan kan.» Èyí ló ń da epo síná jù. Ó túmọ̀ sí pé irọ́ ló ń pa.

Bí oníbàárà bá kọ «ìwọ» sí yín, «ẹ» ni kẹ́ ẹ máa kọ padà. Ẹ má sì fojú inú wò ó pe bọ̀dá, àǹtí tàbí Alájà látinú àwòrán ojú-ìwé rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló gbé àwòrán ọmọ tàbí ìyá wọn síbẹ̀. «Oníbàárà wa» tó, àfi tí orúkọ bá hàn kedere. Àmì ojú ẹkún ogún náà ń kọ́? Ọ̀kan pàápàá ti pọ̀ jù.

Ọmọ_Ọ̀fà (9:20)

Ẹ̀yin èèyàn Ìlọrin, ẹ rọ̀ jù. Ẹni tó bá ní kí gbogbo ayé ṣọ́ra fún ẹ, ọ̀tá ni. Pa ọ̀rọ̀ ẹ̀ rẹ́, dí i lọ́nà, kó lọ sọ ọ́ níbòmíì. Ìdajì nínú wọn, àwọn tó ń tà irú ọjà kan náà ló rán wọn wá.

Adáhùn_Tanke (9:34)

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ ò ní ṣàì kọ́kọ́ ki èèyàn mọ́lẹ̀!

Ẹni tẹ́ ẹ bá pa ọ̀rọ̀ ẹ̀ rẹ́ ti ya screenshot tẹ́lẹ̀. Á gbé e lọ sí ojú-ìwé tiẹ̀, níbi tẹ́ ẹ ò ti ní àyè láti fèsì, á wá fi kún un pé «wọ́n pa á rẹ́». Ẹ̀sùn kan ti di méjì, ìkejì sì wọ̀ yín lọ́rùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ya àwọn bọ́tìnnì yẹn sọ́tọ̀, torí àwọn èèyàn ń da wọn pọ̀. Lórí Facebook, tẹ́ ẹ bá fi kọ́mẹ́ǹtì kan pamọ́ láìpa á rẹ́, ẹni tó kọ ọ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì ń rí i, àwọn yòókù ni kò rí i mọ́. Ti Instagram tí wọ́n ń pè ní Restrict, ẹni tẹ́ ẹ bá ṣe é sí nìkan ló ń rí kọ́mẹ́ǹtì rẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i, ohun tó bá sì kọ ní inbox á bọ́ sí àpò Requests tí kì í dún. Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí oníbàárà tó ní ẹjọ́ òótọ́, ẹ ti di etí yín fúnra yín nìyẹn.

Èyí tó yẹ ká pa rẹ́ kò pọ̀: ọ̀rọ̀ tó gbé nọ́ńbà tàbí àdírẹ́sì ẹlòmíì síta, èébú ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn, àti líǹkì àwọn oníjìbìtì. Bí oníbàárà fúnra ẹ̀ bá fi nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sí gbangba, ẹ sọ fún un ní kọ̀rọ̀ pé ẹ fẹ́ fi pamọ́ nítorí ààbò rẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣe é, kó má rò pé ẹ̀sùn lẹ ń bò.

Ọmọ_Ọ̀fà (9:41)

Ó dáa, mo gbà ti screenshot. Àwọn ayédèrú tí ẹnìkan rán wá ń kọ́?

Adáhùn_Tanke (9:55)

Ẹ wá orúkọ ẹ̀ nínú ìwé títà yín ná. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbangba: «A wá orúkọ yín nínú ìwé títà oṣù yìí àti èyí tó kọjá, a ò rí i. Bóyá orúkọ míì lẹ fi rà á. Ẹ fi ọjọ́ tẹ́ ẹ sanwó àti orúkọ tó wà lórí rìsíìtì ránṣẹ́ sí wa ní inbox, a ó yẹ̀ ẹ́ wò lónìí.» Ẹni òótọ́ á fi ránṣẹ́. Ayédèrú á tún bẹ̀rẹ̀ ariwo tàbí kó parẹ́. Tó bá pariwo, ẹ dáhùn lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú gbólóhùn kan, kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Èsì méjì ní gbangba ti tó fún ẹnìkan. Ìkẹta ti di ìran wíwò.

Ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní ayédèrú, kódà tó bá dá yín lójú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ tàbí ọ̀rẹ́ ìyàwó lè bá èèyàn san owó, kí orúkọ yàtọ̀. Ti Google Maps náà bákan náà: ẹ lè fi ẹjọ́ review ayédèrú (ohun tí èèyàn kọ nípa ṣọ́ọ̀bù yín síbẹ̀) sun Google, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè wọ́n, ẹ kọ èsì tiyín síbẹ̀. Ẹ ṣì lè tún èsì yẹn ṣe lẹ́yìn ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá yanjú.

POS_GàáÀkánbí (10:18)

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ti owó, torí ibẹ̀ ni jìbìtì wà. Ẹ̀sùn «mo ti sanwó, ẹ ní ẹ ò rí i» wọ́pọ̀ ju ti àwọ̀ lọ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ní kọ̀rọ̀: iye owó, ọjọ́ àti aago, orúkọ báńkì tó fi ránṣẹ́, orúkọ tó wà lórí àkáǹtì yẹn, àti Session ID. Nọ́ńbà gígùn oní-díjíìtì 30 ni Session ID, ó wà lórí rìsíìtì tí áàpù báńkì ń gbé jáde. Òun ni báńkì fi ń tọ ipasẹ̀ owó láti báńkì kan sí èkejì. Screenshot tí kò ní in kò ràn yín lọ́wọ́. Alert nìkan kò sì tó fún ẹ̀yin náà. Ẹ wọ inú àkáǹtì yín lọ wò ó, torí alert ayédèrú ti pọ̀ nígboro.

Bí owó bá ti kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà tí kò dé ọ̀dọ̀ yín, báńkì TIẸ̀ ni yóò lọ fi ẹjọ́ sùn, kì í ṣe tiyín. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún un jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ sì fún un ní ọ̀rọ̀ kan tó lè fi han báńkì pé owó yẹn kò wọlé síbi. Ṣọ́ọ̀bù tó bá kàn ní «kò dé» tó pa fóònù ni wọ́n ń pè ní olè.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ béèrè láéláé: PIN, OTP, nọ́ńbà káàdì, BVN. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dá owó padà, inú àkáǹtì tó ti wá ni kẹ́ ẹ dá a padà sí. «Ẹ bá mi fi sínú àkáǹtì àbúrò mi», ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó rajà lórí nọ́ńbà tẹ́ ẹ mọ̀.

Nǹkan míì rè é tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Àwọn oníjìbìtì máa ń ṣọ́ abẹ́ ojú-ìwé àwọn oníṣòwò. Bí ẹ̀sùn kan bá ti wà nílẹ̀ fún wákàtí méjì mẹ́ta láìsí èsì, wọ́n á fi lógò yín ṣí ojú-ìwé tó jọ tiyín, wọ́n á dá oníbàárà lóhùn pé «ẹ kú ìfaradà, ẹ tẹ nọ́ńbà yìí», wọ́n á wá gba OTP lọ́wọ́ ẹ̀. Orúkọ yín ló máa bàjẹ́, ẹ ò sì tíì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìdí kan pàtàkì nìyí tí èsì fi gbọ́dọ̀ yá. Ẹ fi pósìtì kan sókè ojú-ìwé yín tó sọ nọ́ńbà kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ń lò, àti pé ẹ kì í béèrè PIN.

Olófì_Ìlọrin (10:30)

Subhanallah. Ti wákàtí méjì mẹ́ta yẹn kò sí lọ́kàn mi rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, èèyàn méjì péré ni wá. Iná ń lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ, ọjọ́ Jímọ̀ a ń lọ kírun. Báwo la ṣe fẹ́ máa ṣọ́ ojú-ìwé mẹ́ta?

Adáhùn_Tanke (11:02)

Ẹ ò ní máa ṣọ́ ọ. Ẹ ó máa bẹ̀ ẹ́ wò ní aago tó dájú. Ìlànà tó bá ṣọ́ọ̀bù èèyàn méjì mu:

Ẹnì kan ló ni ẹ̀sùn lójúmọ́. Tónìí ni Ṣ., tọ̀la ni èkejì. Nígbà tó bá jẹ́ ti àwọn méjèèjì, kò ní jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo wákàtí, ìṣẹ́jú 5: abẹ́ àwọn pósìtì mẹ́wàá tó kẹ́yìn, inbox, àti àpò Requests ní Instagram, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ ò bá tẹ̀ lé sábà máa ń bọ́ sí. Bóyá ibẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn wọlé sí. Facebook àti Instagram lè jọ wà lójú kan nínú Meta Business Suite, ìyẹn ti dín ìrìn kù.

WhatsApp Business gba ẹ̀rọ 4 mọ́ nọ́ńbà kan yàtọ̀ sí fóònù tó ni ín, nítorí náà kò sídìí láti máa gba fóònù lọ́wọ́ ara yín. Ẹ kàn máa fi lẹ́tà orúkọ parí èsì kí oníbàárà mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì má sì tún ìbéèrè kan náà bi í. Kò sóhun tó ń múnú bí èèyàn tó pé kó sọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ lo àwọn àmì aláwọ̀ inú ẹ̀, Labels. Mẹ́rin tó: Ẹ̀sùn tuntun, À ń wádìí, Owó ń padà, Ó ti parí. Kí ẹ tó ti ìlẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́, «Ẹ̀sùn tuntun» gbọ́dọ̀ ṣófo.

Ẹ ṣọ́ra fún èsì tí WhatsApp ń fi ránṣẹ́ fúnra ẹ̀ o. Èyí tó ń kí èèyàn káàbọ̀ máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá kọ̀wé fúngbà àkọ́kọ́ tàbí ẹni tí kò bá yín sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ 14. Ẹni tó rajà lóṣù tó kọjá tó wá ń sunkún lónìí á kọ́kọ́ rí «Ẹ káàbọ̀ sí ilé aṣọ àrà! Kí la lè tà fún yín?» Ẹ kọ ọ́ kó ba ti ẹlẹ́jọ́ náà mu: «Ẹ kú dédé àsìkò yìí. Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn ni, ẹ kọ ORÚKỌ àti ỌJỌ́ tẹ́ ẹ rajà, ẹnìkan á dá yín lóhùn kí wákàtí 1 tó pé, láti aago 8 àárọ̀ sí 7 alẹ́.» Èyí tó ń sọ pé ẹ ò sí nílé náà, ẹ fi aago tẹ́ ẹ máa padà sí i. Fún Jímọ̀, ẹ kọ «a ó padà ní aago 3». Kí ẹ sì mọ̀ pé tí fóònù yín kò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èsì yẹn kò ní lọ. Bí iná bá lọ tí fóònù kú, èsì yẹn náà kú. Pọ́wábáǹkì wà lára irinṣẹ́ ìdáhùn, ẹ kà á mọ́ owó ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá_Wàrà (11:20)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ti aṣọ dáa, aṣọ ò ní kan. Wàrà àti fùrá ni tiwa. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé inú ń run àwọn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ́ ńkọ́?

Adáhùn_Tanke (11:37)

Ẹ kú ọjà, Ìyá wa. Ti oúnjẹ kò gba wákàtí 1. Ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ bá rí i ni. Ẹ pè é, ẹ má kàn kọ̀wé. Ìlera ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ta ló ń ṣe, ṣé ọmọdé wà lára wọn, ṣé wọ́n ti lọ sí ọsibítù. Bí ó bá ń bì tàbí ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ ní kí wọ́n lọ, ẹ má dúró bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà lẹ ó bèèrè aago tí wọ́n rà á, ibi tí wọ́n gbé e sí àti aago tí wọ́n jẹ ẹ́, torí wàrà tutù tó bá pẹ́ nínú ooru á kan, bó ti wù kí wàrà yẹn mọ́ tó nígbà tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ìyẹn lójú gbangba bí ẹní ń gbèjà ara. Ẹ dá èyí tó kù nínú ìkòkò ọjọ́ yẹn dúró, ẹ má tà á mọ́, ẹ pe àwọn tó rà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá mọ̀ wọ́n. Ní gbangba, ẹ kọ pé: «A ti pè yín. A ti dá títa ti àárọ̀ yìí dúró títí a ó fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.» Kò sí àforíjì tó ju ìyẹn lọ.

Wébíìlì_Màrábà (12:05 ọ̀sán)

Mo rí i pé ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ páàkì. Ẹ̀gbọ́n Olófì, bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ aṣọ yẹn, ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn láti Sátidé. Télọ̀ fẹ́ ọjọ́ méjì ó kéré tán, ìyẹn ni pé aṣọ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ní Èkó láàárọ̀ Ọjọ́rú. Mọ́tò tó bá kúrò ní Ìlọrin láàárọ̀, bí ọ̀nà bá dáa, á dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Nítorí náà, Ìṣẹ́gun láàárọ̀ ni kó kúrò. Bí ìpinnu bá di Ìṣẹ́gun lọ́sàn-án, ẹ má ṣèlérí ìpààrọ̀ mọ́, ẹ gbé owó lé e lọ́wọ́.

Nígbà tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́, ẹ fi àwòrán ẹrù tí orúkọ wà lára ẹ̀, nọ́ńbà mọ́tò, nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà, rìsíìtì páàkì àti aago tó gbéra ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà má gbé ẹrù fún ẹnikẹ́ni tí kò bá lè dárúkọ tó wà lára ẹ̀. «A ti fi ránṣẹ́» láìsí nọ́ńbà kankan, ẹ̀sùn tuntun lẹ ń bí yẹn.

Adáhùn_Tanke (12:19)

Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn. Mo fẹ́ fi ti àwọ̀ kún un. Ní kọ̀rọ̀, ẹ ní kó ya aṣọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà funfun, nítòsí fèrèsé, lójú mọmọ, láìtan gílóòbù. Bí bébà bá yọ ìyeyè nínú àwòrán, iná ló ń yí àwọ̀ padà. Bí bébà bá funfun tí aṣọ ṣì jẹ́ àlùkò, òun ló jàre. Ẹ wá fi wé èyí tẹ́ ẹ yà kó tó kúrò. Bí ẹ ò bá yà á, ẹ ti jẹ̀bi nìyẹn. Òwú pàápàá, àpò kan lè yàtọ̀ sí èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ wáìnì ni wọ́n kọ sára méjèèjì. Láti ìsinsìnyí lọ, fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 15 lójú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà, kí oníbàárà dáhùn «ó dáa» kẹ́ ẹ tó di ẹrù.

Bó bá jẹ́ ẹ̀bi yín, ẹ gbé ọ̀nà mẹ́ta síwájú ẹ̀ kó yàn: kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kó tọ́jú ẹ̀ kẹ́ ẹ dá díẹ̀ padà nínú owó, tàbí kó dá aṣọ padà kó gba gbogbo owó ẹ̀. Owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀, ẹ̀yin lẹ ni ín. A mọ̀ pé ẹnu Ìlọrin dùn ju iyọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu dídùn kì í san owó wébíìlì.

Ẹ sì fún àwọn ọmọ náà ní agbára. Ẹ kọ iye tí wọ́n lè dá padà láìpè yín, bíi ₦5,000. Bó bá jẹ́ pé ẹ wà ní Mọ́ńkà tàbí fóònù yín kú, ṣé oníbàárà á dúró dè yín torí ₦2,000 owó fìlà?

Lọ́yà_ÒmùÀrán (2:10 ọ̀sán)

Díẹ̀ látọ̀dọ̀ òfin. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018, èyí tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń bójú tó, sọ ọ́ pé ọjà tí a tà nípa àpèjúwe tàbí àpẹẹrẹ gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe yẹn mu. Àwòrán Facebook yín, àpèjúwe ni. «A kì í dá owó padà» tẹ́ ẹ kọ sí òkè ojú-ìwé kò lè gba ẹ̀tọ́ tí òfin ti fún un.

Ìkejì, òfin ààbò dátà ti 2023. Mo ń rí ṣọ́ọ̀bù tó ń gbé rìsíìtì, nọ́ńbà àti àdírẹ́sì oníbàárà síta láti fi hàn pé irọ́ ló ń pa. Ẹ má dán an wò. Ẹjọ́ àwọ̀ aṣọ lè ti parí ní ₦10,000, èyí kò ní parí síbẹ̀.

Ìkẹta, ẹ má fi ọlọ́pàá dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni nítorí ó ní ọjà yín kò dáa. Ẹ rántí 2023, nígbà tí obìnrin kan kọ ọ́ sí Facebook pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú tòmátò alágolo kan. Ilé-iṣẹ́ náà gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ọlọ́pàá, wọ́n mú obìnrin náà, gbogbo Nàìjíríà sì dá sí i. Àwọn tí kò gbọ́ orúkọ tòmátò yẹn rí ló wá mọ̀ ọ́n.

Ọmọ_Ọ̀fà (2:25)

Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń jẹ wá ní dátà ń kọ́? Àwọn kì í dáhùn.

Lọ́yà_ÒmùÀrán (2:31)

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ náà kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọn ò bá dá yín lóhùn, ẹ pe NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn ni wọ́n máa bèèrè.

Olófì_Ìlọrin (3:15)

Nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn, mo fẹ́ jí i lò! Mo ti ra ìwé gbọọrọ kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà ẹ̀sùn, ọjọ́, ojú-ìwé tó ti wá, ohun tó sọ, aago tí a dáhùn, aago tó parí, iye tó ná wa. Ṣé nǹkan kù?

Adáhùn_Tanke (3:28)

Ohun tó fà á ló kù. Òun gan-an ló wúlò jù. Kẹ́ ẹ máa kà á ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bí «gèlè kúrú» bá yọ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń di fóònù mú mọ́, ọ̀dọ̀ ahunṣọ lẹ ó gbé tépù lọ.

Bí ẹ̀sùn bá sì parí, ẹ padà sábẹ́ àwòrán yẹn. «A ti pààrọ̀ rẹ̀, ó gbéra ní Ìṣẹ́gun. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ fún wa.» Ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó pa ọ̀rọ̀ ẹ̀ rẹ́. Bó bá wù ú, á pa á rẹ́ fúnra ẹ̀. Bí kò bá wù ú náà, ẹ̀sùn tí èsì wà lábẹ́ ẹ̀ ń tà ju ojú-ìwé tó mọ́ roro lọ.

Olófì_Ìlọrin (5:40 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ wo ohun tí ọmọ wa kọ fún ti òní, kí n tó ní kó fi síbẹ̀:

«Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Bí a ṣe sọ lórí fóònù lọ́sàn-án, àwa la fi òwú àpò míì hun ún, a kò sì ya àwòrán rẹ̀ kó tó kúrò. Wáìnì tẹ́ ẹ yàn wà nílẹ̀. Á gbéra láàárọ̀ ọ̀la, a ó fi nọ́ńbà mọ́tò ránṣẹ́ sí yín kó tó di aago 8. Owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀, tiwa ni. A mọ̀ pé ẹ̀yin náà mọ bí òwú ṣe máa ń rí. Ẹ̀sùn yín ni nọ́ńbà 001. Ṣ.»

Adáhùn_Tanke (5:52)

Ẹ yọ «a mọ̀ pé ẹ̀yin náà mọ bí òwú ṣe máa ń rí». Kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀bi lẹ sì fẹ́ pín fún un lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gbà á tán. Èyí tó kù dáa, kó fi síbẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀fà (5:58)

Nọ́ńbà 001? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 014, kí wọ́n má rò pé lónìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáhùn.

Olófì_Ìlọrin (6:03)

Lónìí náà kọ́ ni? 001 ló máa wà. Ó ti fi síbẹ̀.